Àyà mi ń súfèé tí mo bá gbá bọ́ọ̀lù tán, ṣé eruku pákó ni?

KáfíńtàMọ́kọ́lá:
Ẹ kú ilé o. Káfíńtà ni mí n'Íbàdàn. Látìgbà tí ọ̀gá wa ti ra ẹ̀rọ tó ń fi sáńpépà fá pákó, èmi ló gbé e lé lọ́wọ́, ìrókò la sì ń lò jù. Wíńgà ni mí, eré sísá kì í ṣe ìṣòro mi rí. Ní báyìí, tí a bá gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, kì í tiẹ̀ ṣe ìgbà tí mò ń sáré ló ń ṣe mí. Ó dìgbà tí mo bá jókòó tí mo fẹ́ mumi, àyà á fún pọ̀, á máa súfèé fíífíí, ikọ́ gbígbẹ á tẹ̀ lé e. Ọ̀gá ní kí n máa mu mílíìkì, pé ó ń fọ eruku. Àpò mi nìkan ló ń fọ̀.

ỌmọÌyáẸlẹ́pa:
Epo pupa ni kó o mu, jàre.

Nọ́ọ̀sìÀdùkẹ́:
Ẹ má dá ẹni yẹn lóhùn o. Ikùn ni epo àti mílíìkì ń lọ, ẹ̀dọ̀fóró ni eruku ń wọ̀. Bọ̀dá, tí ẹ bá lọ sílé ọdún tí ẹ ò fọwọ́ kan pákó, ṣé ó ṣì ń ṣe yín?

KáfíńtàMọ́kọ́lá:
Hà! Mo lọ Ìsẹ́yìn nígbà Iléyá, a gbá bọ́ọ̀lù títí ilẹ̀ fi ṣú, kò ṣe mí rárá. Mo ní afẹ́fẹ́ abúlé ni.

Nọ́ọ̀sìÀdùkẹ́:
Ó jọ pé pákó ni. Eruku ìrókò àti arẹ̀rẹ̀ máa ń fa ikọ́ fée fún àwọn tó ń fi wọ́n ṣiṣẹ́, kódà ẹni tí kò ní in láti kékeré. Eruku á ti jẹ́ kí ọ̀nà èémí wú sínú; tí ẹ bá wá ń sáré tí ẹ ń fẹnu mí, afẹ́fẹ́ gbígbẹ á mú kó fún pọ̀, pàápàá láàárín ìṣẹ́jú 5 sí 20 lẹ́yìn tí ẹ dúró. UCH, ilé ìwòsàn ńlá n'Íbàdàn, kò jìnnà sí yín. Ẹ dárúkọ ìrókò fún dókítà o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oògùn ikọ́ lásán ni wọ́n lè kọ fún yín. Ẹ má sì yá ìnhélà, ike oògùn tí wọ́n ń fà sí ẹ̀dọ̀fóró, ẹnikẹ́ni lò.

BàbáOnípákó:
Ọmọ mi, aṣọ tí ẹ ń so mọ́ imú yẹn, eruku kíkúnná ń gbà á kọjá. Ìbòmú N95 tó ń sẹ́ eruku kíkúnná ni kó o ra, kó lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa. Irùngbọ̀n kì í jẹ́ kó lẹ̀. Gbé ẹ̀rọ jáde síta, wọ́n omi sílẹ̀ kó o tó gbálẹ̀. Èyí tó ń bí mi nínú jù ni àwọn tó ń fi kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ eruku kúrò lára aṣọ nírọ̀lẹ́, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á wá fà á símú. Láti 1995 ni àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka eruku igi mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ imú.

KáfíńtàMọ́kọ́lá:
Ẹ ṣé, bàbá. Ọ̀gá máa bèèrè ẹni tó máa sanwó N95 ṣá. Àǹtí nọ́ọ̀sì, ṣé wọn ò ní ní kí n fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ báyìí?

Nọ́ọ̀sìÀdùkẹ́:
Bọ́ọ̀lù kẹ̀? Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ fa ìnhélà kẹ́ ẹ tó wọ pápá, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ rọra sáré kára gbóná. Ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n lè ní kẹ́ ẹ fi sílẹ̀.