Ọmọ mi ti bùlọ́ọ̀kù mi, Pásítọ̀ ní ká lọ ká a mọ́ ibi iṣẹ́

Ìyá Àjàṣẹ́, Lyon
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí o. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 26, ti bùlọ́ọ̀kù mi lórí WhatsApp. Ó ti kó kúrò níbi tó ń gbé. Àbúrò rẹ̀ nìkan ló mọ ibẹ̀, ìyẹn náà ti panu mọ́. Torí ọkùnrin kan tí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni. Pásítọ̀ ní ká jọ lọ ká a mọ́ ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Ṣé ká lọ, àbí kí n kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá?

Bàbá Ìbejì, Lille
Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má lọ. Ibi iṣẹ́ ni oúnjẹ rẹ̀ ti ń wá. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá rí pásítọ̀ àti ìyá tó ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà, ìtìjú yẹn ni ọmọ máa rántí, kì í ṣe àdúrà. Ẹ̀ẹ̀kan kì í ṣe ẹ̀sùn, àmọ́ bó bá ti ní òun ò fẹ́, tí ẹ ṣì ń wá, tí ẹ ń fi nọ́ńbà oríṣiríṣi pè é títí ó fi kó bá ìlera rẹ̀, harcèlement (ìyọlẹ́nu) lòfin Faransé ń pè é: ẹ̀wọ̀n ọdún 1 àti owó ìtanràn 15 000 euro. Tó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ọdún 2 àti 30 000. Mi ò ní wọ́n á gbé yín o. Main courante lásán, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí kì í ṣe ẹ̀sùn, tó bá lọ ṣe ní commissariat (àgọ́ ọlọ́pàá) ti tó láti sọ ọ̀rọ̀ ẹbí di ọ̀rọ̀ fáìlì.

Ọmọ Alákétu, Montreuil
Ti ọlọ́pàá, recherche dans l'intérêt des familles tí àwọn àgbà wa máa ń béèrè, ìyẹn kí ọlọ́pàá bá ẹbí wá ẹni tó ti kúrò nílé, wọ́n ti pa á rẹ́ láti 2013. Disparition inquiétante, ìyẹn ẹni tó sọnù lọ́nà tó ń kọni lóminú, ló kù: ẹni tó ń ṣàìsàn, ẹni tí wọ́n ń halẹ̀ mọ́, ẹni tí a ń bẹ̀rù pé ó lè pa ara rẹ̀. Ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀ kò sí níbẹ̀. Bí wọ́n bá tiẹ̀ rí i, òun ni wọ́n á bi; bó bá ní òun ò fẹ́, wọn ò ní fún yín ní àdírẹ́sì. Ẹ má sì lọ parọ́ pé orí rẹ̀ ò pé kí wọ́n lè wá a. Ó máa mọ ẹni tó rán wọn.

Tàntí Nantes
Ẹ fi àbúrò rẹ̀ náà sílẹ̀. Ẹni tó bá fi í ṣe amí á pàdánù ọmọ méjì.

Lẹ́tà ni kí ẹ kọ, ẹyọ kan, ojú ìwé kan, ọwọ́ ni kí ẹ fi kọ ọ́. Ẹ fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì àtijọ́. Bó bá ti san owó réexpédition ní ilé ìfìwéránṣẹ́ La Poste, kí wọ́n máa darí lẹ́tà rẹ̀ sí ilé tuntun, á tẹ̀lé e lọ. Timbre (sítáǹpù) lásán ni o. Recommandé (lẹ́tà onífọwọ́sí) jọ ìwé agbẹjọ́rò, ó tún ń fipá mú un fọwọ́ sí i.

Nínú rẹ̀, ohun tí ẹ ṣe gan-an ni kí ẹ dárúkọ. «Bí mo bá ṣẹ̀ ọ́» kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. «Mo pe ọ̀rẹ́kùnrin rẹ ní kèfèrí níwájú ẹbí, kò yẹ kí n sọ ọ́» ni ẹ̀bẹ̀. Ẹ má fi «ṣùgbọ́n» sí i. Ẹ má ka owó iléèwé. Ẹ má fi ẹsẹ Bíbélì sí i, pàápàá «bọ̀wọ̀ fún baba òun ìyá rẹ»: láti kékeré ló ti mọ̀ ọ́n sórí, ìwé ìpè-lẹ́jọ́ ló máa kà á sí. Ẹ má ní kó pè yín. Ìlà tó kẹ́yìn: «Kò pọn dandan kí o dá mi lóhùn.» Ẹ wá fi pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó tún un kà. Gbólóhùn tí ẹ bá ti ń gbèjà ara yín, ẹ yọ ọ́ dànù.

Ṣábẹ̀ẹ́ Dùn, Montréal
Kí ẹ sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú gúrúùpù àdúrà lálẹ́ yìí. Ohun tó máa ń ba ilé jẹ́ jù nìyẹn. Orúkọ, iṣẹ́, ọkùnrin tó ń bá gbé, gbogbo ẹ̀ ti wà lójú ìwé. Ẹnìkan á ya fọ́tò rẹ̀, ó ti dé ọwọ́ ọmọ kí wọ́n tó ṣe Àmín.

Alàgbà, Marseille
Ẹ rọra o. Olùṣọ́-àgùntàn fi 99 sílẹ̀, ó wá 1 lọ. Ẹ̀yin wá ní kí pásítọ̀ jókòó? Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́.

Ọmọ Alákétu, Montreuil
Bàbá, ẹ ka Lúùkù 15 náà dé ìsàlẹ̀. Àgùntàn ò mọ̀nà, wọ́n wá a. Ọmọ mọ̀nà, bàbá rẹ̀ ò sì tẹ̀lé e lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Ìgbà tó rí i tó ń bọ̀ ló tó sáré.

Alàgbà, Marseille
Jákọ́bù ńkọ́? Ṣebí ó rán ìránṣẹ́ ṣíwájú sí Ísọ̀, tòun ti 200 abo ewúrẹ́.

Tàntí Nantes
Jákọ́bù ló ṣẹ̀, Alàgbà! Ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, ó tẹríba lẹ́ẹ̀meje. Èyí tí ẹ fẹ́ ṣe yìí, ọmọ ni ẹ fẹ́ kó tẹríba. Ti Jóábù, ọ̀gágun Dáfídì, ló jọ: ó fọgbọ́n obìnrin Tékóà mú Ábúsálómù ọmọ ọba padà sí Jerúsálẹ́mù, ọdún 2 gbáko ni ọmọ yẹn ò fi rí ojú ọba. Alárinà mú wọn wọ ìlú kan náà, kò mú wọn rí ara wọn. Ẹ sì mọ ibi tó já sí.

Alàgbà, Marseille
Mo gbọ́. Mi ò tíì gbà pé pásítọ̀ ò wúlò.

Bàbá Ìbejì, Lille
Ó wúlò fún Màmá. Kó bá wọn ka lẹ́tà yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ alárinà dandan, médiateur familial ni, èyí tí CAF, àjọ tó ń fún ẹbí ní owó ìrànwọ́, fọwọ́ sí. Ìpàdé àkọ́kọ́ láti ṣàlàyé, ọ̀fẹ́ ni. Lẹ́yìn ìyẹn, láti euro 2 sí 131 lórí ẹnìkan ní ìjókòó kọ̀ọ̀kan, bí owó tó ń wọlé fún un bá ṣe tó. Bí ọmọ bá kọ̀, ó parí, wọn ò ní fipá mú un. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀ o. Lẹ́tà ló ń ṣíwájú.

Ìyá Àjàṣẹ́, Lyon
Mo gbọ́ pé ó ti lóyún. Ẹnìkan ní mo lè lọ sílé ẹjọ́ torí ọmọ-ọmọ mi.

Bàbá Ìbejì, Lille
Òfin wà, article 371-4 nínú Code civil. Ọmọ náà ló ní ẹ̀tọ́ láti mọ ìyá àgbà rẹ̀, iwájú juge aux affaires familiales (adájọ́ ọ̀rọ̀ ẹbí) ni, ẹ ò sì lè lọ láìsí agbẹjọ́rò. Àmọ́ a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Oyún la ń sọ yìí, Màmá! Ẹ jẹ́ kó bí i ná.

Tàntí Nantes
Bó bá dáhùn, ìlà méjì tó kọ, ìlà méjì ni kí ẹ kọ. Ẹ má pè é lójú ẹsẹ̀. Bó bá ní ká ríra, ẹ jẹ́ kó mú ibi tí ó wù ú, wákàtí kan, ẹ̀yin nìkan, láìsí àǹtí kankan. Ẹ kí ọkùnrin yẹn, kí ẹ fi orúkọ rẹ̀ pè é. Ẹ má gbé fọ́tò sórí status! Bí kò bá dáhùn rárá, káàdì ọjọ́ ìbí àti ti ọdún tuntun, ìlà kan, kò jù bẹ́ẹ̀. Bó bá kọ̀wé pé ẹ dákẹ́, ẹ dákẹ́ fún ọdún kan, káàdì náà ò gbọdọ̀ lọ.

Ṣábẹ̀ẹ́ Dùn, Montréal
Àwọn ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) náà ni. Ẹ̀bẹ̀ kékeré, oníṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun méjìlá á ti dé ẹnu ọ̀nà.

Alàgbà, Marseille
Fi aṣọ funfun wa sílẹ̀! Láti 1947 tí Òṣọ́fà ti dá ìjọ Celestial sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ó ti yí ayé ká. Kí ló ti Ṣábẹ̀ẹ́ (Savè) jáde, yàtọ̀ sí òkúta?

Ọmọ Alákétu, Montreuil
Kétu ló ní ẹnu ọ̀nà gidi. Àkàbà Ìdènà, ẹnu ibodè ìlú wa àtijọ́, ẹ lọ wò ó.

Ṣábẹ̀ẹ́ Dùn, Montréal
Ní 1886 tí ọmọ ogun Dahomey dé tí wọ́n pa Kétu run, ibo ni ẹnu ọ̀nà yẹn wà? 😂

Ọmọ Alákétu, Montreuil
Ìyẹn dùn mí o. Má tún sọ ọ́.

Tàntí Nantes
Ẹ dákẹ́. Iṣu tuntun Ṣábẹ̀ẹ́ ti jáde nílé, èmi wà níbí tí mò ń jẹ ànàmọ́ òyìnbó. Ta ló mọ ẹni tó ń ta wàgàsì (wàrà Fúlàní) tó dáa lápá Nantes?

Ìyá Àjàṣẹ́, Lyon
Ẹ ṣeun gan-an ni. Pásítọ̀ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin ti Sátidé ńkọ́? Kí ni kí n sọ fún un?

Alàgbà, Marseille
Wàgàsì wà ní Château Rouge, ní Paris. Àmìwò, ọkà àgbàdo onítòmátì, ló ń pa èmi, pẹ̀lú adìyẹ dídín. Àti gàrí Ṣábẹ̀ẹ́ yẹn, èyí tó kúná bí iyanrìn.

Ṣábẹ̀ẹ́ Dùn, Montréal
Savalou nìyẹn, Bàbá! Savalou! Ará Àjàṣẹ́ ò mọ àríwá, gbogbo ibi tó bá ti kọjá Bohicon, Ṣábẹ̀ẹ́ ni lójú wọn.