Ṣé irin ló ń da ìwọ̀n UV mi rú?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Omi odò ni mò ń fi ìmọ́lẹ̀ UV (ìmọ́lẹ̀ tí ojú ò lè rí) yẹ̀ wò ní 254 nm, kí n lè mọ irú èròjà ewé jíjẹrà tó yòrò sínú rẹ̀. Mo fi iye kábọ́ọ̀nù tó yòrò pín ohun tí ẹ̀rọ kà (bí omi ṣe fa ìmọ́lẹ̀ náà mu tó), èsì rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní SUVA. Bó bá kọjá 4, èròjà aromatic (àwọn tí kábọ́ọ̀nù inú wọn so pọ̀ bí òrùka) ló pọ̀ níbẹ̀. Bí kò bá tó 2, wọn ò pọ̀. Tèmi fò dé 6.8! Ẹnu yà mí.

Mo ti fi asẹ́ 0.45 µm sẹ́ omi náà, mo fọ ife quartz títí ó fi ń dán, mo tún fi omi mímọ́ gaara dá ẹ̀rọ padà sí òdo. Pàbó ló já sí. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ni mo rí i tí ìdí ìgò pọ́n bí ìpẹtà. Irin tó yòrò sínú omi náà kúkú máa ń fa ìmọ́lẹ̀ mu ní 254 nm.

Ìbéèrè mi ò ju ẹyọ kan lọ: ṣé kí n wọn irin náà kí n yọ ipa rẹ̀ kúrò nínú ìṣirò, àbí kí n yọ irin fúnra rẹ̀ kúrò nínú omi kí n tó wọ̀n ọ́n?

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ sílẹ̀ dè yín.