Purotéènì kékeré àbí kúkúrú? Lórí orúkọ àwọn tó ń bá bakitéríà pín sí méjì

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi,

Gbólóhùn tí a gbé síwájú fún ìwé àtúmọ̀ ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì tí a fẹ́ kí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ní Òṣogbo máa lò nìyí: "Purotéènì kékeré inú awọ ni ó ń gé sẹ́ẹ̀lì bakitéríà sí méjì." Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ ọ́ fẹ́ kó yé ọmọdé, yóò sì yé e. Àmọ́ ohun tí yóò yé ọmọ náà yàtọ̀ sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì. Mo fara mọ́ "awọ", ìyẹn ohun tẹ́ẹ́rẹ́ tó bo sẹ́ẹ̀lì, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní membrane. "Kékeré" àti "gé" ni mi ò fara mọ́, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi "gé" bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú bakitéríà E. coli, èyí tí àwọn tó ń yẹ omi kànga wò máa ń wá kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ìgbẹ́ ti dé inú omi. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi màíkírómítà 2, ìbú rẹ̀ sì tó nǹkan bí 1. Bí oúnjẹ bá pọ̀ tí ooru sì wà ní 37°C, ó lè di méjì láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Kó tó pín, purotéènì kan tó ń jẹ́ FtsZ á tò yí àárín sẹ́ẹ̀lì ká, lábẹ́ awọ. Ọdún 1991 ni wọ́n ròyìn òrùka yìí, tí wọ́n ń pè ní òrùka Z. FtsZ fúnra rẹ̀ kò wọnú awọ, FtsA àti ZipA ló so ó mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni àwọn yòókù ń dé: FtsK, FtsQ, FtsL pẹ̀lú FtsB, FtsW, FtsI, kí FtsN tó dé kẹ́yìn. Iṣẹ́ tí FtsW ń ṣe ni pé ó ń so okùn ṣúgà tí wọ́n fi ń mọ ògiri sẹ́ẹ̀lì, kó máa gùn sí i. FtsI ló ń de àwọn okùn náà mọ́ra. Ògiri tuntun yìí á máa ti etí wọlé lọ sí àárín títí yóò fi pàdé. Mímọ ni wọ́n ń mọ nǹkan, kò sí ẹni tó ń gé ohunkóhun níbẹ̀.

Àwọn kan nínú wa dábàá "fún", pé ọ̀já ni FtsZ, ó ń fún sẹ́ẹ̀lì ní ìbàdí. Ó rọrùn fún wa ní ìlú aró láti rí i bẹ́ẹ̀, bí ìgbà tí aládìrẹ bá fi ìko di aṣọ: bí okùn ṣe ń le sí i ni aṣọ ń há sí i. Ṣùgbọ́n aṣọ kì í hu aṣọ tuntun níbi tí wọ́n ti dì í, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà. Síwájú sí i, FtsZ kì í ṣe okùn kan ṣoṣo tó yípo pé. Ègé-ègé ni, tí iwájú wọn ń gùn tí ẹ̀yìn wọn ń tú, wọ́n sì ń tipa bẹ́ẹ̀ rìn yí ká. Iṣẹ́ ìwádìí tó jáde ní 2017 fi hàn pé ìrìn yìí ló ń darí ibi tí wọ́n ti ń mọ ògiri tuntun. Ẹ jẹ́ ká fi "òrùka Z" sílẹ̀ bó ṣe wà, ká má fi "fún" kún un.

Fún gbogbo iṣẹ́ náà lápapọ̀, "pípín sí méjì" tó. Àmọ́ ìwé náà gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ fún ìgbésẹ̀ ìkẹyìn, nígbà tí sẹ́ẹ̀lì méjì tó ti ní ògiri láàárín bá fẹ́ fi ara wọn sílẹ̀. "Ìpínyà" ni mo dábàá. Bí a kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kò ní lè ṣàlàyé ohun tó rí lábẹ́ maikirosíkóòpù. Bí FtsL bá kùnà, ògiri àárín kò ní wáyé rárá, sẹ́ẹ̀lì á kàn máa gùn gbọọrọ, DNA á máa pọ̀ sí i nínú rẹ̀, kò ní pín. Bí ó bá sì jẹ́ AmiA, AmiB àti AmiC ló kùnà, ìyẹn àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń tú ògiri tí sẹ́ẹ̀lì méjì jọ ní, ògiri á wà, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan á ti dá dúró nínú tirẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á so kọ́ra wọn lọ rẹrẹ. Àkọ́kọ́ kò pín. Èkejì pín, kò pínyà. Mo dábàá "sẹ́ẹ̀lì gbọọrọ" fún ti àkọ́kọ́ àti "sẹ́ẹ̀lì asokọ́ra" fún ìkejì. Ẹ rántí pé ohun tí lẹ́tà f, t, s inú orúkọ wọ̀nyí dúró fún gan-an ni gígùn gbọọrọ nígbà tí ooru bá pọ̀: irú èyí tó ń pín dáadáa ní 30°C, tó sì ń gùn láìpín ní 42°C, ni wọ́n fi dá púpọ̀ nínú wọn mọ̀. Cephalexin, oògùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀, máa ń fa irú gbọọrọ bẹ́ẹ̀, torí pé FtsI ló ń dí lọ́wọ́.

Ó wá ku "kékeré". Iye amínò ásìdì, ìyẹn àwọn ẹ̀yọ tó tò léra di purotéènì, ni wọ́n fi ń wọn purotéènì. Nínú E. coli, FtsZ ní 383, FtsL ní 121, FtsB ní 103. Gígùn nìkan ni iye yẹn ń sọ, ọ̀rọ̀ tí a sì ní fún gígùn ni "kúkúrú". "Kékeré" lédè wa máa ń fa ipò wọlé: iṣẹ́ kékeré, ọ̀rọ̀ kékeré. Ọmọ tó bá ka "purotéènì kékeré" á rò pé sẹ́ẹ̀lì lè ṣe é láìsí i, bẹ́ẹ̀ sì rèé, E. coli kò lè wà láàyè láìsí FtsL tàbí FtsB. Ibi tí a ó fi ààlà sí ni kò tíì dúró sójú kan láàárín àwọn onímọ̀. Àwọn kan ní kò gbọ́dọ̀ ju 50 lọ, àwọn mìíràn gbà títí dé 100. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká máa kọ "kúkúrú", ká sì kọ iye rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nígbà gbogbo. Iye yẹn wúlò ju orúkọ ipò kankan lọ.

Kí wá ni FtsL àti FtsB ń ṣe? Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn la awọ inú kọjá lẹ́ẹ̀kan péré. Orí rẹ̀ wà nínú sẹ́ẹ̀lì, ìdí rẹ̀ yọ sí àlàfo tó wà láàárín awọ inú àti awọ òde. Nǹkan bí amínò ásìdì 20 ló wà nínú awọ gan-an, nítorí pé agbedeméjì awọ tó jẹ́ ọ̀rá kò ju nǹkan bíi nánómítà 3 lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú amínò ásìdì tó lọ́ pọ̀ sì ń gba nánómítà 0.15. Nínú àlàfo yẹn, àwọn méjèèjì lọ́ mọ́ra wọn, FtsQ sì dì wọ́n mú. Bí FtsN bá dé, àwọn ló ń gba àmì lọ́wọ́ rẹ̀ fún FtsW àti FtsI pé kí iṣẹ́ ògiri bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ ṣe kedere. Bí wọ́n bá yí amínò ásìdì ẹlẹ́ẹ̀kejìdínláàádọ́rùn-ún nínú FtsL padà láti glutamate sí lysine, sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í pín kó tó gùn tó bó ṣe yẹ, àwọn tó bá jáde á kúrú. Bí wọ́n bá yí ẹ̀yọ 56 nínú FtsB láti glutamate sí alanine, bákan náà ni. Wọn kò mọ ògiri kankan fúnra wọn, síbẹ̀ ẹ̀yọ kan tí a pààrọ̀ lára wọn ti yí àsìkò iṣẹ́ padà.

Àbúrò wa kan dábàá "aláṣẹ" fún wọn. Àṣẹ kò ti ọ̀dọ̀ wọn wá, wọ́n ń gbé e kọjá ni. "Alárinà" ló bá wọn mu, gbogbo ẹni tó ń gbọ́ Yorùbá ló sì mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, kí a má fi pe gbogbo purotéènì kúkúrú inú awọ o. SidA tó wà nínú Caulobacter, bakitéríà mìíràn, ní amínò ásìdì 29 péré, inú awọ lòun náà wà, iṣẹ́ tirẹ̀ sì ni pé bí DNA bá bàjẹ́, á so mọ́ FtsW kí sẹ́ẹ̀lì má báa pín nígbà tí àtúnṣe ń lọ lọ́wọ́. "Adènà" nìyẹn. Gbólóhùn tí mo dábàá ni: "Àwọn purotéènì kúkúrú kan wà nínú awọ bakitéríà tí wọ́n jẹ́ alárinà, àwọn mìíràn sì jẹ́ adènà, láàárín òrùka Z àti àwọn tó ń mọ ògiri tí sẹ́ẹ̀lì fi ń pín sí méjì."

Ní ti "awọ", ẹni tó bá máa tẹ ìwé náà kò gbọ́dọ̀ fi àmì ohùn ṣeré, torí "àwọ̀" ń bọ̀ nínú orí kan náà. Ibẹ̀ la ti máa ṣàlàyé GFP, purotéènì tó ń tàn ní àwọ̀ ewé, tí wọ́n ń so mọ́ FtsB kí wọ́n lè rí ibi tó wà. Orí FtsB ni wọ́n ń so ó mọ́. Bí wọ́n bá so ó mọ́ ìdí, inú àlàfo ló máa bọ́ sí, kò sì ní ká jọ bó ṣe yẹ níbẹ̀, kò ní tàn. GFP sì ní amínò ásìdì 238, ó ju ìlọ́po méjì FtsB lọ, ó lè ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá sẹ́ẹ̀lì tó ní FtsB alámì yìí nìkan ṣì ń pín.

Ibì kan wà tí "awọ" kò gbọ́dọ̀ dé: bébà tí wọ́n ń gbé purotéènì lé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ya wọ́n sọ́tọ̀ lórí jẹ́ẹ̀lì, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní membrane bákan náà. Ẹ jẹ́ ká pè é ní "bébà". Fún àwọn kúkúrú yìí, jẹ́ẹ̀lì onítricine 16.5% ló dára, ihò bébà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ màíkírómítà 0.2. Bí ó bá jẹ́ 0.45, wọ́n lè gba inú rẹ̀ kọjá lọ, akẹ́kọ̀ọ́ á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Kí wọ́n má sì sè wọ́n, torí ọ̀pọ̀ purotéènì inú awọ máa ń dì papọ̀ bí omi bá hó. Ìdajì wákàtí ní 37°C tó.

Kí a má ṣe fi álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá tún orúkọ wọn kọ. Lẹ́tà kan péré ló ya FtsL sọ́tọ̀ kúrò lára FtsI àti FtsB. Kí ẹni tó ń tẹ ìwé yan irú lẹ́tà tí I ńlá kò fi ní jọ l kékeré.