Báwo ni kí n ṣe kọ ìtàn ọmọ-ogun alágbàṣe tó lọ gba àwọn ọmọ iléèwé lọ́wọ́ ajínigbé?

Ọ̀ǹkọ̀wé Kubwa béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nídìí iṣẹ́ ìwé kíkọ, mo kí yín. Kubwa, ní Àbújá, ni mo ń gbé, mo sì ń kọ ìtàn àròsọ kan lédè Yorùbá, ìtàn ìjà tí ń gbé ọkàn ẹni sókè, nípa ọkùnrin kan tó ti jẹ́ ọmọ-ogun alágbàṣe rí, tó wá lọ gba àwọn ọmọ iléèwé lọ́wọ́ àwọn ajínigbé. Ará Ọ̀fà ni mo fi í ṣe. Ó wà lára àwọn ọmọ-ogun ECOMOG, ìyẹn ọmọ-ogun àpapọ̀ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tó wà ní Freetown ní Sierra Leone nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ya wọ ìlú náà ní ọjọ́ 6 oṣù kìíní ọdún 1999. Lẹ́yìn tó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó ń bá ẹnikẹ́ni tó bá lówó lọ́wọ́ jagun, títí ó fi padà wálé, tó di ọlọ́dẹ ní ọgbà ilé kan ní Gwarinpa, níbi tí kì í ti í fojú kan oorun. Nígbà náà ni wọ́n jí ọmọ àbúrò rẹ̀ gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀.

Bí mo ṣe kọ ọ́ báyìí, òun nìkan ló wọ igbó Sambisa, ó pa àwọn ajínigbé tán, ó sì kó ọgọ́rin ọmọ jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn tí mo fún kà gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ara tèmi kò lélẹ̀ sí i. Òkè Ọya ni a wà. Àwọn tí irú nǹkan yìí ti ṣẹlẹ̀ sí wà láàárín wa, a jọ ń lọ sí ọjà, a jọ ń wọ ọkọ̀. Mi ò fẹ́ kọ ohun tí ìyá tí wọ́n jí ọmọ rẹ̀ gbé yóò kà tí yóò fi jù ú sílẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. Ẹ jọ̀wọ́, ǹjẹ́ irú ìdásílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀? Báwo sì ni ìdààmú ọkàn irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ kó rí, tí kò fi ní jẹ́ ọtí mímu àti ìdákẹ́ nínú yàrá tó ṣókùnkùn tí a ti rí nínú fíìmù òyìnbó tó fi sú ni?

Ológun fẹ̀yìntì, Bwari, fèsì pé:

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ ọpọlọ. Igbó ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Sambisa wà ní Borno, ibùba Boko Haram ni, agbègbè yẹn náà ni Chibok wà, níbi tí wọ́n ti kó ọmọbìnrin 276 lọ ní alẹ́ ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2014. Àwọn tó ń kó ọmọ iléèwé nítorí owó ní ìhà ìwọ̀-oòrùn àríwá, igbó tiwọn yàtọ̀: Rugu, Kuyambana, àti gbogbo àgbègbè Birnin Gwari, tó nà láti Katsina àti Zamfara wọ Kàdúná títí dé ìpínlẹ̀ Niger. Ohun tí àwọn méjèèjì ń wá kò bára mu, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dúnàádúrà kò sì bára mu. Bí ìyà tí o fẹ́ sọ bá jẹ́ ti owó ìtúsílẹ̀, yọ ìtàn rẹ kúrò ní Sambisa.

Ní ti ọkùnrin kan tó kó ọgọ́rin ọmọ jáde lóru, kò ṣeé ṣe, ìdí rẹ̀ sì wà lára àwọn ọmọ náà fúnra wọn. Àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n kó ní Kankara ní oṣù kejìlá ọdún 2020 lé ní 300, inú Rugu sì ni wọ́n kó wọn lọ ní àkókò ọyẹ́. Fi ojú inú wo ọgọ́rin ọmọ tí wọ́n jókòó pọ̀ sábẹ́ igi ní irú òru bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn ti wú, ọ̀pọ̀ kò ní bàtà, ètè wọn ti là, eruku àti èéfín sì ti mú kí ọ̀fun wọn gbẹ. Ikọ́ ọmọ kan ṣoṣo ń dún dé ọ̀dọ̀ ẹni tó di ìbọn mú. Akọni rẹ yọ́ dé ibẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ tú okùn ọwọ́ ọmọ ọdún méje kan. Kí ló máa dí ọmọ yẹn lọ́wọ́ láti ké nígbà tó bá rí ojú ọkùnrin àjèjì kan lójijì nínú òkùnkùn? Ojú yẹn jọ ti àwọn tó jí i gbé. Bí o bá lè kọ ìṣẹ́jú kan yẹn dáadáa, wàá rí i pé ẹ̀rù rẹ̀ ju ogún ìbọn tó ń dún lọ.

Ẹ̀rí wà nílẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹta ọdún 2012, àwọn ọmọ-ogun àkànṣe ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Nàìjíríà gbìyànjú láti gba ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan àti ọmọ Ítálì kan sílẹ̀ ní Ṣókótó. Àwọn tó mú wọn pa àwọn méjèèjì kí ọwọ́ tó tó wọn. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 2020, àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà gba ọmọ ìlú wọn kan tí wọ́n jí gbé ní orílẹ̀-èdè Niger, tí wọ́n sì gbé wọ àríwá Nàìjíríà, ó sì bọ́ láìfarapa. Ènìyàn kan ṣoṣo ni wọ́n lọ gbà o, àgbàlagbà tó lè sáré, pẹ̀lú ọkọ̀ òfuurufú àti gbogbo agbára ìjọba Amẹ́ríkà lẹ́yìn iṣẹ́ náà.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí o rò dáadáa. O ní alágbàṣe ni ọkùnrin rẹ, ṣùgbọ́n o kò sọ ẹni tó gbà á síṣẹ́, o kò sì sọ iṣẹ́ tó ṣe. Ní ìparí ọdún 2014 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2015, ìjọba wa gba ilé-iṣẹ́ ológun aládàáni kan láti South Africa, tí wọ́n ń pè ní STTEP. Olórí wọn ni Eeben Barlow, ẹni tó dá ilé-iṣẹ́ ológun aládàáni mìíràn, Executive Outcomes, sílẹ̀ ní ọdún 1989. Barlow fẹnu ara rẹ̀ sọ pé iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbà ni láti kọ́ ikọ̀ ọmọ-ogun Nàìjíríà kan tí yóò lọ gba àwọn ọmọbìnrin Chibok sílẹ̀. Iṣẹ́ náà yí padà, wọ́n fi ikọ̀ náà gba àwọn ìlú padà ní Borno, àdéhùn tó jẹ́ ti oṣù mẹ́ta sì parí. Àwọn àjèjì kó ẹrù wọn lọ, àwọn ọmọ náà ṣì wà nínú igbó.

Fi ọkùnrin Ọ̀fà rẹ sí ìdí iṣẹ́ yẹn. Kó jẹ́ ọ̀gbufọ̀ tàbí awakọ̀ fún wọn ní Maiduguri, nítorí ó gbọ́ Hausa, ó sì ti jagun rí. Wọ́n san owó rẹ̀ pé, kò ku kọ́bọ̀. Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbà á kò ṣẹlẹ̀.

Ìyá Olùkọ́, Kàdúná, fèsì pé:

Ọmọ mi, mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti ń kọ́ ọmọ níwèé ní ìlú yìí láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú, mo sì fẹ́ kí o mọ̀ pé ọdún 2021 kò tíì kúrò lára wa. Oṣù kẹta ni wọ́n jí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga nípa ìtọ́jú igbó ní Afaka, oṣù kẹrin ni ti Yunifásítì Greenfield, tí wọ́n ti pa márùn-ún nínú àwọn ọmọ náà. Nígbà tó di ọjọ́ 5 oṣù keje, wọ́n kó ọmọ 121 ní iléèwé Bethel Baptist, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń tú wọn sílẹ̀, ọ̀wọ́ kan tẹ̀lé ọ̀wọ́ kan, fún ọ̀pọ̀ oṣù. A rí i nínú àwòrán ìwé ìròyìn bí àwọn òbí ṣe ń gbàdúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà tí àwọn ọmọ sá fi sílẹ̀.

Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn òbí kò sí nínú ìtàn rẹ. O ní wọ́n jí ọmọ àbúrò akọni náà gbé, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ ohùn àbúrò náà rárá. Bẹ́ẹ̀ àwọn òbí ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ ìdásílẹ̀ lóòótọ́. Àwọn ni wọ́n ń ta oko, tí wọ́n ń ta ilé àti ohun ọ̀sìn, tí wọ́n ń yan ẹni tí yóò máa gbé fóònù náà, ẹni tí ohùn rẹ̀ kì í yára gbọ̀n. Nígbà tí fóònù bá dún, gbogbo wọn á dákẹ́. Ẹni tó wà lódìkejì lè fi ọmọ kan sórí ìlà láti sunkún, kò sì ní jẹ́ ọmọ ẹni tó gbé fóònù, síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ máa bá ọ̀rọ̀ iye owó lọ bí ẹni pé kò gbọ́ nǹkan kan. Kọ ìyẹn.

Lọ wo ti Tegina, ní ìpínlẹ̀ Niger. Ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 2021 ni wọ́n kó àwọn ọmọ ilé-kéwú Salihu Tanko, ọmọ 136. Àwọn tó kéré jù, tí wọn kò lè rìn, ni àwọn ajínigbé fúnra wọn fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn òbí kó owó jọ, wọ́n rán ènìyàn lọ fi jíṣẹ́ nínú igbó, àwọn ajínigbé gba owó, wọ́n sì dá ẹni tó gbé e wá dúró pẹ̀lú àwọn ọmọ náà. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà kú kí wọ́n tó tú àwọn tó kù sílẹ̀ ní ìparí oṣù kẹjọ. Bí ọkùnrin rẹ bá fẹ́ ṣe akin, kó jẹ́ òun ni yóò gbé owó wọ igbó. Ìwọ rò ó wò: ẹni tó mọ ohun tí ìbọn lè ṣe, tó ń rìn lọ bá àwọn oníbọn láìmú ohun ìjà dání, nítorí bí wọ́n bá rí i lára rẹ̀, àwọn ọmọ ni yóò kú.

Má sì jẹ́ kí ìtàn parí síbi tí ọkọ̀ akérò ti kó wọn dé. Ọmọ tó padà máa ń bẹ̀rù alùpùpù. Òmíràn kò ní fẹ́ wọ iléèwé mọ́ láé, àwọn òbí rẹ̀ kò sì ní fẹ́ kó lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ òfin, Gwagwalada, fèsì pé:

Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ Ìyá Olùkọ́ ní kúkúrú. Òfin tí a fi ń dènà ìpániláyà, èyí tó jáde ní ọdún 2022, sọ sísan owó ìtúsílẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀. Bí ìtàn yín bá wáyé ní 2021, àwọn òbí ń san owó láìsí òfin yìí lórí wọn. Bí ẹ bá gbé e sí 2024, bí àpẹẹrẹ lásìkò tí wọ́n kó àwọn ọmọ iléèwé Kuriga ní ìpínlẹ̀ Kàdúná, ẹni tó gbé owó wọ igbó lè bọ́ lọ́wọ́ ajínigbé kó sì kó sọ́wọ́ ọlọ́pàá. Àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí wọ́n ṣe ní Libreville ní 1977 náà ka iṣẹ́ ọmọ-ogun alágbàṣe sí ọ̀ràn. Akọni yín kò lè lọ sọ fún ológun tàbí ọlọ́pàá ibi tó ti kọ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Ọmọ Ọdẹ, Mìnnà, fèsì pé:

Lórí ìdààmú ọkàn ni èmi yóò dúró sí, nítorí àwọn tó ṣáájú mi ti sọ èyí tó kù.

Ilé wa ni kí o wò. Ògún ti ojú ogun dé sí Ìrè, ó bá àwọn ènìyàn níbi àjọ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọhùn. Kò sẹ́ni tó kí i, agbè ẹmu tó gbé wò sì ṣófo. Ló bá fa idà yọ, ó bẹ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ lórí. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀ tó rí àwọn tí òun pa, ó wọlẹ̀ lọ. Jagunjagun wa tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ nìyẹn: ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kan àwọn tó yẹ kó dáàbò bò. Ọkùnrin rẹ wà ní Freetown ní 1999, àwọn ọmọdé sì wà lára àwọn tó gbé ìbọn wọ ìlú náà. Kò sí bí ọmọ-ogun tó jà níbẹ̀ kò ṣe ní pàdé ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn Ológun Bwari ni mo fara mọ́ jù. Jẹ́ kó jẹ́ owó ni kò jẹ́ kó sùn. Ó gba owó Maiduguri, ó fi kọ́ ilé sí Ọ̀fà, ilé tó ní ẹnu-ọ̀nà onírin àti táìlì funfun, àwọn ẹbí sì ń kí i kú oríire. Ó sùn níbẹ̀ lóru ọjọ́ ìṣílé, kò sì tún sùn níbẹ̀ mọ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ka iye àwọn ọmọ Chibok tó padà lórí rédíò, ó ń ṣírò iye tó kù. Mọ́kànlélógún ni wọ́n tú sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2016, méjìlélọ́gọ́rin ní oṣù karùn-ún 2017, ìdúnàádúrà ló sì mú kí wọ́n padà, láìsí ìbọn. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ bá wá sọ pé kó wá ran òun lọ́wọ́, kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ilé yẹn ni yóò kọ́kọ́ tà.

Ọ̀ǹkọ̀wé Kubwa fèsì pé:

Mo dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ gbogbo yín, ẹ̀yin àgbà àti ìwọ àbúrò mi akẹ́kọ̀ọ́ òfin. Mo ti yọ Sambisa kúrò. Ìpínlẹ̀ Niger ni mo gbé ìtàn náà lọ, ní àsìkò òjò ọdún 2021, iléèwé tí mo fúnra mi dá sílẹ̀ nínú ìtàn ni mo sì lò, kí n má baà fi ẹnu mi sọ ìyà ẹnikẹ́ni tó wà láàyè. Ọkùnrin náà yóò ta ilé, yóò gbé owó wọ igbó, wọn yóò sì dá a dúró pẹ̀lú àwọn ọmọ náà. Láti ibẹ̀ lọ, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí àwọn ọmọ wà láàyè títí di ọjọ́ tí wọn yóò tú wọn sílẹ̀: omi, ẹsẹ̀ tó wú, ibà, èyí tó ń sunkún lóru. Ìbọn yóò dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú ìwé náà, n kò sì tíì mọ ẹni tí yóò yìn ín.

Ìyá, àbúrò rẹ̀ obìnrin ni yóò di ẹni tó ń gbé fóònù, mo sì ti pín ìwé náà sí méjì, ìdajì fún igbó, ìdajì fún àwọn tó jókòó ti fóònù. Mo fẹ́ fi orí kẹta ránṣẹ́ sí yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ bá mi wò bóyá bí àwọn òbí ṣe ń dúnàádúrà bá ohun tí ẹ mọ̀ mu. Bí ẹnìkan bá wà níbí tó gbọ́ Hausa apá Kagara àti Mariga dáadáa, kó jọ̀wọ́ kàn sí mi, nítorí àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn ajínigbé ń sọ sí àwọn ọmọ náà ni ó kù tí n kò tíì fọwọ́ kàn.