Ẹ gbà mí o, íntánẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀bù mi ti kọ̀ lórí Ubuntu

Àǹtí Táípù (Lagere, Ifẹ̀):
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé yìí. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, inú ló ń bí mi. Mo ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ní Lagere, a máa ń táìpù, a máa ń ṣe fọtokópì, a máa ń ṣe bíńdìn, àwọn ọmọ yunifásítì ló pọ̀ jù nínú kọ́sítọ́mà wa, àsìkò próójẹ́ẹ̀tì la sì wà yìí, wọ́n á tò títí dé iwájú ẹni tó ń ta ṣáwámà. Láti ìgbà tí òjò ńlá yẹn ti rọ̀ ni íntánẹ́ẹ̀tì ò ti lọ mọ́ lórí gbogbo sístẹ́ẹ̀mù wa. Ohun tó ń dùn mí ni pé fóònù mi ń lo wáífáì ráútà kan náà, ó ń lọ geerege, WhatsApp ń wọlé, ṣùgbọ́n CPU abẹ́ tábìlì tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn yòókù, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Mo pe àwọn tó ń ta détà fún wa, ọmọbìnrin tó gbé e ní kí n pa ráútà kí n tún un tàn. Ṣé èmi ò mọ ìyẹn ni? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló gbé Ubuntu (irú Linux kan, dípò Windows) sí i nígbà tí fáírọ́ọ̀sì inú fuláàṣì àwọn ọmọ yìí ń sọ gbogbo fáìlì wa di shortcut, òun náà ti já pa lọ Kánádà, tí mo bá pè é á ní "àǹtí mo wà níbi iṣẹ́". Bẹ́ẹ̀ èmi ni mo san owó fọ́ọ̀mù ẹ̀ o, ẹ jẹ́ n pa ẹnu mi mọ́. Lándílọ́ọ̀dù ń bèèrè owó, epo jẹ́nẹ́rétọ̀ ti gbówó lórí, èwo ni ká kọ́kọ́ gbọ́ nínú ẹ̀? Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan lórí ẹ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́ kí ni kí n ṣe? Ẹ má sì sọ pé kí n padà sí Windows.

Sabo Boy:
Àǹtí, ẹ padà sí Windows.

Bàbá Ìbejì (Modákẹ́kẹ́):
DNS ni, ìyẹn ohun tó ń sọ orúkọ wẹ́bùsáìtì di nọ́mbà, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ohun tó ṣe èmi náà nìyẹn, gbogbo wa jókòó sílé, ọmọ fẹ́ wo nǹkan kan tó ti jáde, kò lọ, ìyá ẹ̀ ń pariwo pé èmi ni mi ò sanwó, bẹ́ẹ̀ mo ti sanwó, kí wá ni? DNS. Mo fi 8.8.8.8, DNS ti Google, sí i, ó lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi 8.8.8.8 sí i.

Guru Kọ̀ǹpútà:
Ẹ ṣí /etc/network/interfaces, ẹ kọ auto eth0 sí i, ẹ kọ iface eth0 inet dhcp sábẹ́ ẹ̀, ẹ wá ṣe ifconfig eth0 up. Ó parí.

Òṣómàáló (Iléṣà):
Guru, ṣé o ti bi wọ́n pé Ubuntu wo ni? Ubuntu ti kúrò nídìí fáìlì yẹn láti 17.10, netplan ni wọ́n fi ń ṣètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì báyìí. Wọn ò tiẹ̀ gbé ifconfig sínú Ubuntu tuntun mọ́, àfi téèyàn bá fi net-tools sí i fúnra ẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì wo ni wọ́n máa fi wá a? Eth0 ńkọ́, ta ló sọ fún ẹ pé eth0 ni káàdì wọn ń jẹ́? Àǹtí, ẹ kú àárẹ̀. Ẹ jókòó sídìí CPU yẹn gan-an, ẹ tẹ `ip -br a`, ohun tó bá gbé jáde ẹ kọ ọ́ síbí. Ẹ tún tẹ `sudo cat /etc/netplan/*.yaml`, ẹ kọ ìyẹn náà.

Guru Kọ̀ǹpútà:
Èmi Debian ni mò ń lò, /etc/network/interfaces náà ni títí di òní, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ẹ má bú èèyàn.

Òṣómàáló (Iléṣà):
Ta ló bú ẹ? Debian nìyẹn. Ubuntu ni wọ́n pè níbí.

Ìyá Bùkátà:
Òjò yẹn ò dáa o, ààrá ba TV wa àti fíríìjì jẹ́ lọ́jọ́ yẹn, torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé tí òjò bá ti ṣú, ẹ yọ gbogbo nǹkan kúrò lára iná, wọn ò ní gbọ́. Pẹ̀lẹ́ o àǹtí. Ẹ̀yin lẹ ń ṣe bíńdìn ní ₦500 àbí àwọn tó wà ní òdìkejì?

Àǹtí Táípù (Lagere, Ifẹ̀):
Ẹ má jà jọ̀ọ́. Mo tẹ̀ ẹ́. Ojú ẹ̀ dúdú ni, kò ní máòsì, mo fi ọwọ́ kọ ọ́ sínú ìwé kí n tó wá táìpù ẹ̀ síbí:

lo UNKNOWN 127.0.0.1/8
enp3s0 UP 192.168.10.1/24
enp4s0 DOWN

Inú fáìlì yẹn, ó kọ enp2s0, ó ní dhcp4: true. Lẹ́yìn náà ó kọ enp3s0, addresses 192.168.10.1/24. Nǹkan tí ọmọ yẹn kọ síbẹ̀ látilẹ̀ nìyẹn. Bàbá Ìbejì, mo ti fi 8.8.8.8 sí fóònù mi, kò yí nǹkan kan padà.

Bàbá Ìbejì (Modákẹ́kẹ́):
Orí fóònù kọ́ o! Orí sístẹ́ẹ̀mù ni. 8.8.8.8.

Òṣómàáló (Iléṣà):
Bàbá Ìbejì ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa láyè. Ọ̀rọ̀ ò tíì dé ọ̀dọ̀ DNS rárá, èèyàn tí kò tíì rí ọ̀nà ẹnu géètì jáde, orúkọ ilé tó ń lọ kọ́ ni ìṣòro ẹ̀. Àǹtí, ẹ wo ohun tí ẹ kọ. Fáìlì yín ń pe enp2s0 pé kó gba àdírẹ́ẹ̀sì lọ́wọ́ ráútà (dhcp nìyẹn), kò sí enp2s0 nílé. Enp4s0 wà ńlẹ̀, ẹnikẹ́ni ò pè é. Ibi tí káàdì bá jókòó sí nínú CPU ló fi ń gba orúkọ: en ni ti kébù, p2 ni bus kejì, s0 ni slot. Àtìgbà tí systemd ti gbé ètò yẹn dé ní 2013 nìyẹn. Orúkọ yẹn kì í dédé yí fúnra ẹ̀. Ta ló ṣí CPU yẹn?

Àǹtí Táípù (Lagere, Ifẹ̀):
Kò sẹ́ni tó ṣí i. Àfi ẹnjiníà tó wá fi káàdì tuntun sí i nígbà tí ààrá ba ihò kébù tó wà lára ẹ̀ tẹ́lẹ̀ jẹ́. Ìyẹn ò kan ọ̀rọ̀ yìí, ó ti tẹ́ẹ̀sì ẹ̀, iná aláwọ̀ ewé ń tàn lẹ́yìn ẹ̀ níbi tí kébù wọ̀. Ó tún wọ inú BIOS (ètò tó ń jí CPU) pa ihò àtijọ́ yẹn pé kó má baà dí wọn lọ́wọ́.

Sabo Boy:
😂😂😂 Àǹtí!

Ìyá Bùkátà:
Ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò fọwọ́ kan nǹkan kan o.

Àǹtí Táípù (Lagere, Ifẹ̀):
Èmi kọ́ ni mo fọwọ́ kàn án. Ẹnjiníà ni.

Òṣómàáló (Iléṣà):
Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́. Ihò àtijọ́ tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì wọlé ti kú, òun ló ń jẹ́ enp2s0. Nígbà tí wọ́n ki káàdì tuntun bọ̀ ọ́, nọ́mbà yí. Ohun tí mo rò ni pé káàdì tuntun ti gba orúkọ enp3s0, àdírẹ́ẹ̀sì tó yẹ kó kọjú sí switch inú ṣọ́ọ̀bù ti lọ jókòó sórí wáyà tó kọjú sí ráútà, ti àtijọ́ wá di enp4s0, kò níṣẹ́. Ká má méfò ṣá. Ẹ tẹ `sudo ip link set enp4s0 up`, ẹ yọ kébù tó ń lọ sídìí ráútà, ẹ tẹ `ip link`. Èyí tí wọ́n bá kọ NO-CARRIER (kò rí kébù) sí lára ni ti ráútà. Ẹ dá kébù padà. Ẹ wá kọ nọ́mbà link/ether (MAC) àwọn méjèèjì sílẹ̀, nọ́mbà yẹn ara káàdì ló ń bá lọ, ibi yòówù tí wọ́n gbé e sí.

Àǹtí Táípù (Lagere, Ifẹ̀):
Enp3s0 ló kọ NO-CARRIER. Mo ti kọ nọ́mbà méjèèjì sílẹ̀.

Òṣómàáló (Iléṣà):
Mo wí bẹ́ẹ̀. Ẹ fi nano ṣí fáìlì yẹn, kó rí báyìí. Spacebar ni kí ẹ fi wọlé o, ẹ ò gbọdọ̀ tẹ Tab, netplan ò fẹ́ Tab rárá:

```
network:
  version: 2
  ethernets:
    ita0:
      match:
        macaddress: "nọ́mbà enp3s0"
      set-name: ita0
      dhcp4: true
    ile0:
      match:
        macaddress: "nọ́mbà enp4s0"
      set-name: ile0
      addresses: [192.168.10.1/24]
```

Ẹ má fi gateway kankan sábẹ́ ile0 o, nítorí tí géètì bá di méjì, ó lè máa kó ẹrù lọ síbi tí kò lójú ọ̀nà. Tí ẹ bá kọ ọ́ tán, `sudo netplan generate`, tí kò bá bínú, ẹ ṣe reboot.

Guru Kọ̀ǹpútà:
`netplan try` ló dáa jù, ó máa dá ti tẹ́lẹ̀ padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 120 tí o ò bá tẹ Enter.

Òṣómàáló (Iléṣà):
Òótọ́ ni, tó bá jẹ́ pé ọ̀nà jíjìn lèèyàn ti wọlé sí i. Ìdí ẹ̀ gan-an ni wọ́n jókòó sí, `netplan try` ò sì ní yí orúkọ káàdì tó ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.

Àǹtí Táípù (Lagere, Ifẹ̀):
Ó kọ́kọ́ bínú, ó ní nǹkan kan nípa indentation, ọmọ ọ̀dọ̀ mi ló tẹ Tab. Ó ti lọ báyìí. Mo ping 8.8.8.8 ó dáhùn, mo ping google.com ó dáhùn. Ṣùgbọ́n àwọn sístẹ́ẹ̀mù tí kọ́sítọ́mà ń lò ò lọ síbẹ̀, wọ́n rí 192.168.10.1, wọn ò rí ìta.

Bàbá Ìbejì (Modákẹ́kẹ́):
DNS nìyẹn.

Òṣómàáló (Iléṣà):
Ẹ tẹ `sudo grep enp /etc/iptables/rules.v4`.

Àǹtí Táípù (Lagere, Ifẹ̀):
-A POSTROUTING -o enp2s0 -j MASQUERADE

Òṣómàáló (Iléṣà):
Ṣé ẹ rí i? Òfin tó ń pín in fún wọn ṣì ń dárúkọ olóògbé. Ẹ tẹ `sudo sed -i 's/enp2s0/ita0/g; s/enp3s0/ile0/g' /etc/iptables/rules.v4`, lẹ́yìn ẹ̀ `sudo netfilter-persistent reload`.

Àǹtí Táípù (Lagere, Ifẹ̀):
Ó ti lọ!!! Gbogbo wọn ló lọ! Olúwa á bù sí i fún yín ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́wọ́ yín wá, èló ni? Mo mọ̀ pé Ìjẹ̀ṣà kì í fi owó sílẹ̀. Ìyá Bùkátà, ₦500 ni tẹ́lẹ̀, ó ti di ₦700.

Sabo Boy:
Ẹ̀gbọ́n Òṣómàáló, wáífáì láptọ́ọ̀pù tèmi náà ò jáde lórí Linux, kí ló lè fà á?

Òṣómàáló (Iléṣà):
Ṣí ìbéèrè tìẹ lọ́tọ̀, kí o sì gbé ohun tí `lspci -nnk` bá sọ síbẹ̀ kí o tó sọ ìtàn kankan fún wa.