Òkè wà lápá àríwá, oòrùn wà lápá gúúsù: níbo ni kí gíláàsì ńlá kọjú sí?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọlọ́run ṣe é, a ti rí ilẹ̀ rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, a fẹ́ kọ́ ilé táwa àtàwọn ọmọ máa gbé. Òkè ńlá náà wà lápá àríwá, ó rẹwà kọjá sísọ. Ayàwòrán-ilé wa ní ká fi gíláàsì ṣe gbogbo ògiri tó kọjú sí i, látilẹ̀ dé àjà. Ó wù mí, àmọ́ owó iná ń bà mí lẹ́rù. Ẹni tó bá ti kọ́ irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bàbá Tọ́lá: Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fọwọ́ sí i. Lápá àríwá ayé tí a wà yìí, gúúsù ni oòrùn ń gbà nígbà òtútù. Fèrèsé àríwá ò ní rí i rárá. Ooru ilé yín ló kàn máa gba ibẹ̀ jáde. Kódà bó jẹ́ gíláàsì onípele mẹ́ta, ooru tó ń gba ara ẹ̀ jáde tó ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún tí ògiri tí wọ́n ki owú sí dáadáa.

Mo ti háyà irú ilé bẹ́ẹ̀ gbé rí. Láàárọ̀, gíláàsì á ti làágùn, omi á ti sàn sórí igi férémù, igi sì ti ń bu. Àga tó dáa jù nílé, kò sẹ́ni tó ń jókòó síbẹ̀, torí òtútù ń fẹ́ síni lọ́rùn. Kátìnì la fi ń bo òkè tá a torí ẹ̀ gba ilé.

Nígbà tí mo fẹ́ kọ́ tèmi, mo gbé àga lọ sórí ilẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Mo jókòó síbi tí tábìlì oúnjẹ máa wà, ìyàwó mi di páálí tá a gé àárín ẹ̀ mú, ó ń sún un sókè sódò títí òkè fi bọ́ sínú ẹ̀ dáadáa. Ojú ẹni tó jókòó ò ju nǹkan bíi mítà 1.2 sílẹ̀ lọ. Fèrèsé tó fẹ̀ ní mítà méjì ti gba ṣóńṣó òkè àti igbó ẹsẹ̀ ẹ̀. Gíláàsì ńlá yòókù, gúúsù ni mo kó o sí, mo sì jẹ́ kí etí òrùlé yọ síta lórí ẹ̀. Nígbà ooru tí oòrùn ga, òrùlé á ṣíji bò ó. Nígbà òtútù, oòrùn á wọlé dé àárín pálọ̀.

Àǹtí Bùkọ́lá: Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ lọ dúró sórí ilẹ̀ yẹn lọ́sàn-án oṣù Kejìlá. Bí òkè mìíràn bá wà ní gúúsù, ó lè dí oòrùn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹ tún ní kí ayàwòrán yín wo ìlànà Passivhaus, ìyẹn ìlànà kíkọ́ ilé tó dí dáadáa, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ nílò iná láti gbóná. Àkọ́kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ wà ní Darmstadt, ní Jámánì, láti 1991. Ooru tí wọ́n gbà láyè láti fi mú ilé gbóná ò ju 15 kWh (kilowatt-hour, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka iná) lọ lọ́dún fún mítà onígun mẹ́rin kan. Kò di dandan kẹ́ ẹ dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n kó ṣírò tiyín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé. Kí wọ́n sì gbẹ́ gọ́tà sẹ́yìn ilé, torí omi òkè ń bọ̀.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun gan-an. Ilé tó dí tó bẹ́ẹ̀, ṣé afẹ́fẹ́ ò ní há?

Bàbá Tọ́lá: Ẹ̀rọ kan wà fún ìyẹn. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde á fi ooru ẹ̀ sílẹ̀ fún èyí tó ń wọlé, wọn ò sì ní pò pọ̀. Ẹ ṣáà máa pààrọ̀ asẹ́ ẹ̀ déédéé.

Ìyá Ìbejì: Sátidé la máa lọ. Bàbá Ìbejì ti ń gé páálí.