Dátábéèsì àtijọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí mo gbé wẹ́ẹ̀bù tuntun lé

Àwọn èèyàn ń sọ ìrírí wọn lórí gbígbé wẹ́ẹ̀bù tuntun lé dátábéèsì àtijọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan lápá Òkè-Fìà níbí lÓṣogbo ló ní kí n ṣe wẹ́ẹ̀bù táwọn ọmọ ẹgbẹ́ á máa fi wo owó wọn lórí fóònù, kí wọ́n yé tò síwájú akọ̀wé torí pé wọ́n fẹ́ mọ gbèsè tó kù. Dátábéèsì, ìyẹn ibi tí wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ pamọ́ sí lórí kọ̀ǹpútà, ti wà nílẹ̀ tipẹ́, MySQL ni prógíráàmù tó ń tọ́jú ẹ̀, akọ̀wé ṣì ń fi prógíráàmù àtijọ́ kọ nǹkan sínú ẹ̀ lójoojúmọ́. Màmá alága wọn ní "ọmọ mi, owó olówó ló wà níbẹ̀ o."

Django, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ wẹ́ẹ̀bù ní èdè Python, ni mo lò. Inspectdb, àṣẹ kan nínú Django, ló máa bá ẹ ka tábìlì tó wà nílẹ̀ tá sì kọ models jáde, ìyẹn kóòdù tó ń ṣàpèjúwe tábìlì kọ̀ọ̀kan, àmọ́ foreign key (ohun tó so tábìlì kan mọ́ òmíràn) tí wọn ò bá kọ sí tábìlì, kò lè mọ̀ ọ́n, ọwọ́ ni wàá fi fi sí i. Managed = False tó máa ń fi sábẹ́ model kọ̀ọ̀kan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má yọ ọ́, òun ni kì í jẹ́ kí migrate, àṣẹ Django tó ń dá tábìlì sílẹ̀ tó sì ń yí i padà, fọwọ́ kan tábìlì oní-tábìlì. Mo tún ní kí wọ́n ṣí user (àkáǹtì tí wọ́n fi ń wọ dátábéèsì) tó lè kà nìkan fún mi, tí ò lè kọ nǹkan kan.

Ohun tó wà nínú tábìlì gan-an ló gba sùúrù. INT, irú àyè tó ń gba nọ́ńbà odidi nìkan, ni wọ́n fi ṣe nọ́ńbà fóònù, INT ò sì lè gbà ju 2147483647 lọ, nọ́ńbà 080 tiwa pọ̀ jù ú lọ, MySQL ayé ìgbà yẹn ò ní kígbe, á kàn gé e sí 2147483647 yẹn, bí ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ ṣe wá ń lo nọ́ńbà kan náà nìyẹn! Orúkọ ló dùn mí jù. Latin1, ètò lẹ́tà tí dátábéèsì àtijọ́ náà ń lò, ò ní ṣ, kò ní ọ, ni Adéṣọlá bá di Adé??lá. Kò sí bí èèyàn ṣe fẹ́ yí i padà, torí àmì ìbéèrè gan-an ló wà nípamọ́. Akọ̀wé ló kó fọ́ọ̀mù táwọn èèyàn fi wọ ẹgbẹ́ jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń pè é, mò ń tẹ̀ ẹ́, a lo sùúrù gidi, torí orúkọ ọmọ èèyàn ni. Dátábéèsì tèmi lọ́tọ̀ la kọ ọ́ sí, ètò lẹ́tà utf8mb4 tó gba ṣ àti ọ ló ń lò, nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ ló so méjèèjì pọ̀.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń wo owó wọn báyìí, akọ̀wé ò sì pààrọ̀ nǹkan kan nínú iṣẹ́ ẹ̀.